Ìràwọ̀ Ńlá Tó Ń Yí Ìmọ́lẹ̀ Padà: Ta Ló Ń Bá A Gbé, Kí Ló Sì Bò Ó Lójú?

Ní àárín oṣù Èrèlé, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, ìràwọ̀ pupa kan máa ń wà lókè orí àwọn ará Àkúrẹ́ gan-an. Mi ò sọ pé ó wà lápá ibẹ̀ o. Ẹ dúró sí ẹ̀yìnkùlé yín ní Alágbàká tàbí ní Òkè-Àró, kí ẹ gbójú sókè títí fìlà yóò fi fẹ́ já bọ́: òun náà nìyẹn. Betelgeuse lorúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Àkúrẹ́ fi dígírì 7 àti díẹ̀ wà ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìràwọ̀ yìí náà fi dígírì 7 àti díẹ̀ wà ní àríwá ìlà tó pín ojú ọ̀run sí méjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà rẹ̀ fi gba orí wa kọjá. Ní Oǹdó, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìràwọ̀ yìí kan náà ló dá ariwo sílẹ̀ káàkiri ayé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020. Láti ìparí ọdún 2019 ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù Èrèlé 2020, ohun tó lé ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìmọ́lẹ̀ náà ti lọ. "Ó ti fẹ́ bú gbàmù," làwọn kan ń wí. Àwọn mìíràn fi òpin ayé kún un, torí kò sí ohun tí a kì í fi òpin ayé kún. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ìmọ́lẹ̀ padà sípò, ariwo rọlẹ̀, ṣùgbọ́n àlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dé etí ọ̀pọ̀ èèyàn.

Tí ìràwọ̀ ńlá kan bá yí ìmọ́lẹ̀ padà, òun nìkan kọ́ la máa bi léèrè. Ó lè jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló yí padà. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń bá a gbé ló fà á. Ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan gba àárín òun àti àwa kọjá. Nígbà mìíràn, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i pọ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ sì ti máa ń di irú wá ògìrì wá.

Kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ṣíṣẹ́jú tí ìràwọ̀ ń ṣẹ́jú lálaalẹ́ kò sí lára ohun tí à ń sọ. Afẹ́fẹ́ ayé tiwa níbí ló ń gbọn ìmọ́lẹ̀ náà bó ṣe ń bọ̀ wá sójú wa, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí ìràwọ̀ bá wà nísàlẹ̀ ní etí ọ̀run, níbi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ní láti la afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá. Ìyípadà tí mò ń sọ ń gba ọjọ́, oṣù tàbí ọdún. Ẹni tó wo Betelgeuse ní ọyẹ́ ọdún yìí, tó tún wò ó ní ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀, òun ló lè rí nǹkan sọ.

Ìwúwo là ń wò tí a bá pe ìràwọ̀ ní ńlá. Èyí tí ìwúwo rẹ̀ bá tó ti oòrùn wa lọ́nà 8 sókè la ń kà mọ́ àwọn àgbà. Ẹ lè rò pé ẹni tó ní ohun jíjó púpọ̀ ni yóò pẹ́ jù, ṣùgbọ́n òdìkejì rẹ̀ ni. Ìwúwo yẹn ń tẹ inú ìràwọ̀ náà mọ́ra, ooru inú rẹ̀ ń pọ̀, ó sì ń jó ohun tó ní ní ìwàdùwàdù. Nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 10 ni oòrùn wa yóò lò. Ìràwọ̀ tó wúwo bí oòrùn 20 kò lè lò ju bíi mílíọ̀nù ọdún 10 lọ. Àpà gbáà ni wọ́n. Àwọn tó gbóná jù nínú wọn, ìmọ́lẹ̀ wọn lágbára débi pé ó ń ti gáàsì tó wà lóde ara wọn dànù sójú òfuurufú bí atẹ́gùn tí kì í dákẹ́. Torí náà, ìràwọ̀ ńlá kì í gbé ibi tó mọ́ tónítóní. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti tú dànù ló yí i ká, a ó sì rí i láìpẹ́ bí ìyẹn ṣe ń dà á láàmú.

Oòrùn tiwa náà ń yí ìmọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́.

Èyí tó rọrùn jù láti lóye ni ìràwọ̀ tó ń wú tó sì tún ń súnkì. Nínú irú wọn kan, ìpele gáàsì helium kan máa ń dá ooru dúró kí ó má jáde. Ooru náà á pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, á ti ara ìràwọ̀ síta. Bó ti ń wú ló ń tutù, helium á wá jẹ́ kí ooru kọjá, ìràwọ̀ á sì súnkì padà, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ìràwọ̀ Delta Cephei ń ṣe èyí láàárín ọjọ́ 5 àti díẹ̀ láìyẹ̀. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Henrietta Leavitt, fi hàn ní 1912 pé bí àsìkò wíwú àti sísúnkì yìí bá ṣe gùn tó ni ìràwọ̀ náà fúnra rẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ohun tí wọ́n sì fi ń wọn bí àwọn ìràwọ̀ ṣe jìnnà sí wa títí dòní nìyẹn. Betelgeuse náà ń wú, ó ń súnkì, ní nǹkan bí ọjọ́ 400 síra wọn, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò ṣe é fi aago sí. Gáàsì ń hó láti inú rẹ̀ wá sójú ní ìṣù ńláńlá, ìṣù kan ṣoṣo sì lè tóbi ju oòrùn wa lọ fíìfíì. Ìràwọ̀ náà tóbi débi pé bí a bá gbé e sí ààyè oòrùn, yóò gbé ayé wa mì, yóò sì gbé Mars mì tẹ̀lé e.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ ní 2020? Awò awọ̀nàjíjìn Hubble tó wà lójú òfuurufú ti ń wo Betelgeuse ṣáájú àkókò yẹn. Láàárín oṣù Owérè sí oṣù Bélú 2019, ó rí gáàsì gbígbóná tó ń jáde láti ìhà gúúsù ìràwọ̀ náà. Bí gáàsì yìí ti ń jìnnà ló ń tutù, tó bá sì tutù tó, eruku ló ń dà. Awò ńlá tí wọ́n ń pè ní VLT, ní orílẹ̀-èdè Chile, ya àwòrán ojú ìràwọ̀ náà, ó sì hàn kedere pé ìdajì ìsàlẹ̀ ti ṣú, ti òkè sì ń mọ́lẹ̀. Ibi tí gáàsì ti já kúrò tutù díẹ̀, eruku tó ti ibẹ̀ jáde sì dúró sáàárín rẹ̀ àti àwa. Méjèèjì ló para pọ̀.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Àkúrẹ́. Tí ọyẹ́ bá mú dáadáa, ẹ ó gba ọ̀nà Ìdànrè lọ, ẹ ò ní rí òkè títí ẹ ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá a. Òkè Ìdànrè kò sá lọ síbì kankan, kò sì kéré sí i. Eruku ló wà láàárín. Ìyàtọ̀ kan tó wà níbẹ̀ ni pé eruku tiwa ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀, ti Betelgeuse sì ti ara òun fúnra rẹ̀ jáde. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé inú oṣù Èrèlé, tí eruku ṣì wà lójú tiwa níbí, ni eruku tirẹ̀ pọ̀ jù lójú tiwọn lọ́hùn-ún. Àmọ́ ohun tí a rí ní 2020 ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìmọ́lẹ̀ Betelgeuse ń rìn fún ohun tó lé ní ọdún 500 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí ti oòrùn kò lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lọ.

Ó wá ku ẹni tó ń bá a gbé. Mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ìyá àgbà kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìràwọ̀ tún ń ní olólùfẹ́ ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹlòmíràn tiẹ̀ ní méjì." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì rán mi létí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Mi ò rí ọ̀rọ̀ tó bá ibi yìí mu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Òun ni Venus, ó ń yí oòrùn ká lọ́nà tirẹ̀, ó sì jìnnà sí òṣùpá gan-an. Ojú wa ló so wọ́n pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ méjì tí ẹ rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò mọ ara wọn rí. Ọ̀kan lè wà lẹ́yìn èkejì ní ọ̀nà jíjìn réré. Àwọn tó jẹ́ ẹnìkejì ara wọn lóòótọ́ ni àwọn tí agbára òòfà so pọ̀, tí ọ̀kan ń yí èkejì ká láìdúró. Lọ́pọ̀ ìgbà, irú wọn kì í hàn sójú bíi méjì rárá. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo la ó máa rí.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀? Nígbà mìíràn ọ̀kan á kọjá níwájú èkejì, ìmọ́lẹ̀ á dín kù, á sì padà. Ìràwọ̀ VV Cephei ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún síra wọn, ìbòjú náà sì máa ń gba ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà mìíràn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà ni yóò máa sún síhìn-ín sún sọ́hùn-ún bó ti ń súnmọ́ wa tó sì ń jìnnà padà, èyí tó fi hàn pé nǹkan kan ń fà á. Ní 2012, Hugues Sana àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde pé nínú àwọn ìràwọ̀ tó wúwo jù tó sì gbóná jù, ohun tó lé ní 70 nínú 100 ni yóò ní àjọṣe tó lágbára pẹ̀lú ẹnìkejì kí ayé wọn tó parí: ọ̀kan á máa fa gáàsì èkejì mu, tàbí kí àwọn méjèèjì tiẹ̀ di ọ̀kan. Ìràwọ̀ ńlá tó dá gbé ni a lè máa pè ní àjèjì, kì í ṣe èyí tó ní ẹnìkejì.

Ó jọ pé Betelgeuse náà kò dá gbé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé yàtọ̀ sí ti ọjọ́ 400 yẹn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tún ń lọ sókè sódò ní nǹkan bí ọdún 6 síra wọn, kò sì sí ẹni tó rí ìdí rẹ̀. Ní 2024, ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣírò rẹ̀, wọ́n ní àfi kí ìràwọ̀ kékeré kan máa yí i ká. Ní oṣù Agẹmọ 2025, Steve Howell ti NASA àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kéde pé àwọn ti rí i pẹ̀lú awò Gemini North ní Hawaii. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bí oòrùn kan àtààbọ̀ lọ. Ó súnmọ́ Betelgeuse débi pé inú gáàsì òde ara ìràwọ̀ ńlá náà gan-an ló ti ń rìn, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin jíjìn ayé wa sí oòrùn. Ọ̀kan nínú àlàyé tó wà nílẹ̀ ni pé bí kékeré yìí ti ń yí ká, ó ń gbá eruku kúrò lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ìyá ńlá náà á sì jáde dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n rí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, nítorí náà oṣù Bélú 2027, nígbà tí yóò tún jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ Betelgeuse tó láti rí, ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó fọwọ́ sọ̀yà.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ rí ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọnú ara wọn, ìràwọ̀ Eta Carinae ni kí ẹ wò. Àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò lè rí i láéláé láti ilé wọn nítorí pé ó ti wà ní gúúsù jù. Àwa lè rí i. Ó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí ọdún 7,500 kó tó dé ibí.

Ní oṣù Ọ̀pẹ 1837, John Herschel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà ní ẹ̀bá Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, ó ń wo ojú ọ̀run, ó rí i pé ìràwọ̀ yìí ṣàdédé mọ́lẹ̀ ju bó ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó ń mọ́lẹ̀, ó ń rẹlẹ̀, ó tún ń mọ́lẹ̀. Nígbà tó di oṣù Ẹrẹ̀nà 1843, Sirius nìkan ló mọ́lẹ̀ jù ú lọ nínú gbogbo ìràwọ̀ alẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, Eta Carinae jìnnà sí wa tó Sirius lọ́nà tó ju 800 lọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, títí ojú lásán kò fi rí i mọ́ kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí.

Ẹni tó bá wà láyé nígbà náà ì bá sọ pé ó ti kú. Kò kú. Nínú ìbúgbàù yẹn, ó tú gáàsì tó wúwo ju oòrùn 10 lọ dànù, ìràwọ̀ náà sì yè é. Gáàsì yẹn tutù, ó di eruku, ó wú sí ìhà méjì bí àpò méjì tí a so ìdí wọn pọ̀, ó sì bo ìràwọ̀ náà mọ́ àárín. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó tó ti oòrùn lọ́nà mílíọ̀nù 5 kò dín kù; eruku ló ń gbà á mọ́ra, tó ń tú u jáde bí ooru tí ojú wa kò lè rí. Bí eruku náà ti ń fẹ̀ tó sì ń fẹ́lẹ́ lónìí, ìràwọ̀ náà tún ti ń hàn sí ojú lásán díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Betelgeuse náà ni, àfi pé èyí gba ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ta ló ń bá a gbé? Ní 1996, Augusto Damineli ti ilẹ̀ Bùràsíìlì ṣàkíyèsí pé àwọn àmì kan nínú ìmọ́lẹ̀ Eta Carinae máa ń pòórá ní ọdún 5 àtààbọ̀ síra wọn. Nínú irú ìràwọ̀ yìí, àsìkò gígùn tí kì í yẹ̀ bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ìràwọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó tóbi wúwo tó nǹkan bí oòrùn 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀, èkejì tó nǹkan bí 30. Ipa ọ̀nà wọn kò rí róbótó, ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́: tí wọ́n bá jìnnà síra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó jíjìn Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà jù, sí oòrùn, tí wọ́n bá súnmọ́ra, kò ju jíjìn Mars sí oòrùn lọ. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ atẹ́gùn síta, ti kékeré sì ń sáré ní nǹkan bíi kìlómítà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibi tí atẹ́gùn méjèèjì ti ń kọlu ara wọn gbóná tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dígírì, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ X-ray. Bí wọ́n bá ṣe ń súnmọ́ra ni X-ray náà ń pọ̀ sí i, lẹ́yìn náà á wálẹ̀ lójijì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé atẹ́gùn tó nípọn ti ìràwọ̀ ńlá ti gbé èkejì mì. Ẹ rí i pé kò sí bí a ṣe lè ya ọ̀rọ̀ ìràwọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ohun tó yí wọn ká sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbí.

Ohun tó fa ìbúgbàù 1843 gan-an ni àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lé lórí. Àwọn kan ní ìràwọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé méjì nínú wọn já lu ara wọn tí wọ́n sì di ọ̀kan. Mo rò pé èyí ló bọ́gbọ́n mu jù, nítorí pé ó ṣòro láti rí bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè dá rí irú agbára tó jáde. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù náà kò tíì tán. Díẹ̀ nínú rẹ̀ gba ibòmíràn lọ, ó lọ kọlu eruku tó wà lókèèrè, ó sì ṣẹ́rí padà sọ́dọ̀ wa. Ní 2012 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ jáde: wọ́n fi awò ayé òde òní wo ìbúgbàù tí Herschel fi ojú ara rẹ̀ rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìràwọ̀ méjì lè sọ eruku ṣíṣe di iṣẹ́ àkókò. Ní WR 140, tó jìnnà tó ohun tó lé ní ọdún 5,000 ìrìn ìmọ́lẹ̀, ní ọdún 8 síra wọn ni ìràwọ̀ méjèèjì máa ń súnmọ́ra, atẹ́gùn wọn á funpọ̀, eruku á sì ṣẹ̀. Awò James Webb ka òrùka eruku 17 yí wọn ká ní 2022. Òrùka kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìpàdé kan.

Ṣé ewu kankan wà fún wa? Rárá. Betelgeuse yóò bú lọ́jọ́ kan, ó sì lè tó ọdún 100,000 sí i. Tó bá bú, àwọn ará Àkúrẹ́ ìgbà náà yóò rí i lọ́sàn-án gangan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n ó jìnnà ju kó ṣe wá léṣe lọ. Eta Carinae jìnnà ju ìyẹn lọ dáadáa. Ẹni tó bá fi fídíò ránṣẹ́ sí yín pé ìràwọ̀ kan ṣókùnkùn, torí náà ayé ti parí, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá wọ́n ti yẹ eruku wò.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí wọn: Betelgeuse kò gba awò kankan. Láti oṣù Ọ̀pẹ títí dé oṣù Igbe, ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lórí ìlà kan. Betelgeuse ni pupa tó wà lápá àríwá wọn, Rigel ni funfun tó wà lódìkejì. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wé ti Rigel, ti Procyon àti ti Aldebaran, àwọn ìràwọ̀ mìíràn tó mọ́lẹ̀ ládùúgbò ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. AAVSO, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ìràwọ̀ tó ń yí ìmọ́lẹ̀ padà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1911, ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń wò ó. Eta Carinae ló le díẹ̀. Ní ìparí oṣù Igbe, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, tí òjò bá ti fọ eruku kúrò lójú ọ̀run, ẹ kọjú sí gúúsù. Ẹ wá ìràwọ̀ mẹ́rin tó rí bí àgbélébùú, kí ẹ wá sún ojú sápá ọ̀tún rẹ̀, ní ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ méjì àti díẹ̀ sókè láti etí ọ̀run tí ẹ bá na ọwọ́ yín tán. Iná ìgboro á bò ó mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jáde lọ sápá oko, tàbí kí ẹ dúró di ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ìyẹn kì í pẹ́ dé.